Òwúrọ̀ Tí Mo Yọ Balógun Ẹgbẹ́ Wa Kúrò Lórí Pápá ní Mẹ́kà

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Jẹ́dà sọ pé kí n wá máa ṣe dókítà fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni mo rò. Mo ti fọwọ́ síwèé kí n tó dé orí pápá. Ọjọ́ tí mo débẹ̀ ni mo rí àwọn géńdé ọkùnrin tí wọ́n dé akoto tó ní irin níwájú, tí wọ́n wọ ike ńlá sí èjìká títí ọrùn wọn fi sọnù, tí wọ́n ń sáré lọ kọlu ara wọn tagbára-tagbára. Bọ́ọ̀lù wọn gùn, ó sì ṣóńṣó lórí méjèèjì bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì gbó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e.

Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Àwọn ọmọ Sáúdí tó lọ kàwé lọ́hùn-ún ló gbé e bọ̀ wálé, ó sì ti wọ àwọn ọ̀dọ́ lára débi pé ilé ẹ̀kọ́ gíga mélòó kan ní Jẹ́dà àti ọ̀kan ní Mẹ́kà ti ní ẹgbẹ́. Láti ìgbà tí ooru bá ti ń rọlẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kan ṣáájú Ààwẹ̀ ni wọ́n fi ń bára wọn díje. Ẹgbẹ́ méjì tó bá ṣe dáadáa jù ni yóò pàdé níkẹyìn.

Kóòṣì wa jẹ́ ará Amẹ́ríkà, àgbàlagbà kan tó ga, tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán, tí kì í pariwo bí kò bá nídìí. Òun ló jókòó tì mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó fi ìka ya eré náà sórí iyanrìn fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń fún ẹgbẹ́ kan láti gbé bọ́ọ̀lù síwájú dé ìwọ̀n kan. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n tún gba ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Bí wọn ò bá débẹ̀, bọ́ọ̀lù di ti àwọn ẹlòmíì. Ẹni tó bá gbé e dé òpin pápá ló gba àmì.

"Iṣẹ́ tìrẹ kò pọ̀, Dókítà," ó ní. "Bí ẹnì kan bá ṣubú tí kò tètè dìde, sáré wọlé lọ bá a. Bí o bá ní kó má gbá mọ́, kò ní gbá mọ́ nìyẹn. Mi ò ní bá ọ jiyàn láéláé."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Balógun ẹgbẹ́ náà ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀ nínú wọn, torí ojú rẹ̀ jọ ti ilé. Kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, àyà rẹ̀ gbòòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá bíi ti ìgalà. Òun ni wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ pé kó sáré wọ àárín àwọn tó fẹ́ dá a dúró. Mo bi í bóyá ọmọ Yorùbá ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi èdè Lárúbáwá dá mi lóhùn pé ará Ìwó ni àwọn òbí òun, pé àdúgbò Híńdáwíyà níbí ni wọ́n bí òun sí. Gbogbo ohun tí mo bá fi Yorùbá sọ ló ń yé e, àmọ́ Lárúbáwá ni yóò fi fèsì. Kò yà mí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ tèmi ń ṣe mí nílé.

Nígbà tó ṣe, ìyá rẹ̀ gbọ́ pé dókítà Yorùbá kan wà lọ́dọ̀ wọn, ó sì ránṣẹ́ pé kí n wá jẹun. Àjà kẹta ilé àtijọ́ kan ní Híńdáwíyà ni wọ́n ń gbé. Àlàájà ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà létí fèrèsé, ábáyà dúdú méje tàbí mẹ́jọ sì wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mẹkáníìkì ni ọkọ rẹ̀, Yáńbù ló ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Ó bu ìrẹsì fún mi, ó bu ọbẹ̀ ata lé e, ó dúró títí mo fi jẹ ẹ́ dé ìdajì kó tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Dókítà, ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín léèrè kan. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá yìí, ṣé kò léwu? Mo rí egbò lápá rẹ̀, ó ní òun ṣubú ni."

Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn mú, ó ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á. Ilé ẹ̀kọ́ ti ṣèlérí láti máa san ìdajì owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítorí eré yìí. Bí ìyá rẹ̀ bá fojú rí bí wọ́n ṣe ń kọlu ara wọn, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni yóò ní kó jáwọ́.

"Kò séwu, Àlàájà," mo ní. "Mo wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀."

Ó tún bu ìrẹsì sí i fún mi.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ wa, wọ́n lù wá bí ẹni lu bàrà. Kóòṣì kò bínú. Ó kó wọn jọ lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n máa sáré títí òùngbẹ fi fẹ́ pa wọ́n. A borí nínú ìkejì, a borí nínú ìkẹta. Ìròyìn wa bẹ̀rẹ̀ sí tàn kiri ilé ẹ̀kọ́. Àwọn olùkọ́ tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dá mi dúró lọ́nà yàrá ìkàwé pé, "Dókítà, ẹsẹ̀ balógun wa ńkọ́? Ṣé kò sí ohun tó ń ṣe é?" Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa eré yìí lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo ti ń dìde lórí àga, mo ti ń lọgun.

Inú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin ni àṣìṣe mi wà. Jẹ́dà níbí ni a ti gbá a. Balógun gba bọ́ọ̀lù, ó sá, ẹni ńlá kan fi orí akoto gbá a ní ẹ̀bátí, ó sì ṣubú gbalaja. Kò dìde. Mo mú àpò mi, mo sáré wọlé. Kí n tó débẹ̀ ó ti jókòó, ó ń mi orí bí ẹni tí omi wọ̀ létí. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò mí, ó fi Yorùbá sọ pé:

"Ara mi le, Dókítà. O má dààmú."

Mi ò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí. Irú Yorùbá wo sì ni! Ó ń pe èmi tí mo lè bí i ní "o", torí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ nílé ló ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀rín pa mí. Mo ń rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n fún mi ní ẹ̀bùn. Mo bi í pé ọjọ́ wo la wà, ó sọ ọ́. Mo bi í pé ta ló ń borí, ó sọ ọ́. Mo gbá a léjìká, mo ní kó máa lọ. Mi ò wo ojú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mi ò ní kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Mi ò ní kó ka oṣù ọdún láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀ fún mi. Àwọn nǹkan tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé wọn kò gbọdọ̀ fò, mo fò wọ́n torí ọmọ kan sọ Yorùbá sí mi.

A borí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo rí i tó wọ awò dúdú nínú yàrá ìkàwé. Mo bi í ìdí rẹ̀. Ó ní ìdánwò ń bọ̀, òun kò sùn dáadáa, iná ń ta òun lójú. Mo ní kó máa tètè sùn. Ìyẹn náà lọ bẹ́ẹ̀.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ karùn-ún ni ti Mẹ́kà. Ẹgbẹ́ tó bá borí nínú rẹ̀ ni yóò lọ sí àṣekágbá. Wàhálà kan wà tí gbogbo wa ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ jáde. Kóòṣì wa kì í ṣe Mùsùlùmí. Kò lè wọ Mẹ́kà. Kò ní igbákejì. Nínú gbogbo àgbà tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ náà kiri, èmi nìkan ló lè wọlé.

"Ìwọ ni wàá jẹ́ ẹnu mi," ó ní, ó sì gbé ìwé kan tí wọ́n fi ọ̀rá bò lé mi lọ́wọ́. Àwòrán ló kún inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà. "Fi fóònù rẹ máa fi eré hàn mí. Èmi á pe nọ́ḿbà, ìwọ á kígbe rẹ̀ fún wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Òwúrọ̀ Sátidé ni. A kírun Àsùbáà tán ní mọ́sálásí ilé ẹ̀kọ́, a wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a fẹ́ dé ibi tí àkọlé ti ń sọ pé kí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí yà sí ọ̀nà mìíràn, bọ́ọ̀sì dúró ní ilé epo kan. Kóòṣì dìde. Ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ balógun, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lábẹ́ apá, ó lọ jókòó nídìí tábìlì kan níwájú ilé tí wọ́n ti ń ta tíì. Bọ́ọ̀sì ṣí. Àwọn ọmọ náà ń wò ó láti ojú fèrèsé títí a fi yà.

Ní ibi àyẹ̀wò, ọlọ́pàá wọlé, ó wo ìwé ìdánimọ̀ àwọn ọmọ Sáúdí, ó gba iqámà, ìwé ìgbélùú àjèjì, lọ́wọ́ èmi àti balógun, ó wò wọ́n, ó dá wọn padà. Mo ṣàkíyèsí pé balógun di ojú rẹ̀ nígbà tí oòrùn wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Mo rí i. Mo tún yí ojú mi padà sí ìwé tí nọ́ḿbà wà nínú rẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí kí n má ṣì wọ́n kà.

Pápá náà wà lẹ́yìn ìlú, òkè olókùúta dúdú yí i ká. Àwọn ará Mẹ́kà ti kún ibẹ̀ kí a tó dé. Ẹgbẹ́ wọn ní géńdé kan láàárín tó sanra, tó sì tún yára, kò sì pẹ́ kí a tó mọ̀ pé balógun wa ni wọ́n ní kó máa lépa. Bí mo ṣe gbé fóònù sókè lọ́wọ́ kan, tí mo di ìwé mú lọ́wọ́ kejì, ni ohùn Kóòṣì ń wọlé sí mi létí.

"Méje."

"Méje!" mo kígbe.

"Mẹ́tàlá."

"Mẹ́tàlá!"

Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá kí a tó mí. A dá tiwa padà. Nígbà míì fóònù á dákẹ́, àwòrán á dúró gbagidi, àwọn ọmọ mọ́kànlá á sì yíjú sí mi, wọ́n ń retí nọ́ḿbà. Òógùn ń bọ́ lára mi nínú òtútù òwúrọ̀. Mo ti gbàgbé pé dókítà ni mí. Ká sọ òótọ́, mo ti gbàgbé pátápátá. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni pé kí a má fìdí rẹmi lọ́wọ́ mi.

Ó kù díẹ̀ kí a lọ sí ìsinmi ìdajì eré, àmì kan ni a fi ń ṣáájú. Kóòṣì pe ìkẹsàn-án, mo kígbe rẹ̀. Balógun gba bọ́ọ̀lù, ó gba ọwọ́ ọ̀tún lọ. Géńdé wọn pàdé rẹ̀. Orí àwọn méjèèjì gbára wọn, mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Balógun ṣubú, ṣùgbọ́n ó dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn tiwa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá sì pàtẹ́wọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ. Ó rìn gba àárín pápá, ó lọ dúró sínú ìlà àwọn ará Mẹ́kà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín wọn, ó ń dúró de bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn lọ fà á lápá wá sí ibi tó yẹ kó wà.

Èmi kò rẹ́rìn-ín.

"Mẹ́rìndínlógún," Kóòṣì sọ nínú fóònù. Àwòrán ti dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. "Dókítà, ṣé o gbọ́ mi? Mẹ́rìndínlógún!"

Mo wo ìwé náà. Mẹ́rìndínlógún, balógun ni yóò tún gbé bọ́ọ̀lù. Gbogbo wọn ti yíjú sí mi. Mi ò kígbe. Mo wọ orí pápá, mo ń ju ọwọ́ sí rẹfirí títí ó fi fọn fèrè.

Mo fà á wá sórí àga ní ẹ̀gbẹ́ pápá, mo bọ́ akoto rẹ̀. Mo wo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n dọ́gba. Mo bi í pé ta la gbá kí a tó wá síbí. Ó ronú, kò rántí.

"Kóòṣì dà?" ó fi Lárúbáwá bi mí.

Mo ní ó wà ní ilé epo lọ́nà, pé òun fúnra rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Òótọ́ ni." Kò pé ìṣẹ́jú kan, ó tún ní, "Kóòṣì dà?" Mo sọ fún un. Ó tún bi mí nígbà kẹta.

"Láti ìgbà wo lorí ti ń fọ́ ọ?" mo bi í. "Má purọ́ fún mi."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ṣubú yẹn," ó ní. Nígbà tó rí i pé mo ti ki akoto náà bọ inú àpò mi, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó sì bọ́ sí Yorùbá. "Dókítà, jọ̀ọ́. Má yọ mí. Owó ilé ìwé mi."

Mo gbé fóònù sétí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Kóòṣì ń bi mí.

"Ọpọlọ rẹ̀ mì. Ìgbà kejì nìyí, mo fò ti àkọ́kọ́. Kò ní gbá mọ́."

Mo gbọ́ tí ife tíì rẹ̀ dún lórí tábìlì.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Yọ ọ́," ó ní. "Kígbe nọ́ḿbà kẹrin fún wọn."

Àwọn ọmọ náà yí mi ká nígbà ìsinmi. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, ọmọ Sáúdí kan tó máa ń fẹnu kò mí lórí tó bá ń kí mi, ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ̀yin kò mọ eré yìí! Ó dìde! Gbogbo wa rí i pé ó dìde!" Mo ní òótọ́ ni, mi ò mọ eré náà. Mo ní orí ni mo mọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta ike omi dànù, ó lọ.

Mo ní kí balógun jókòó sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ mi níbi tí ojú mi yóò ti máa tó o. Eré tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń pe nọ́ḿbà, mo ń wò ó. Mo ń wò ó, mo ń pe nọ́ḿbà. Àwọn ará Mẹ́kà gba iwájú mọ́ wa lọ́wọ́. Ó kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin eré nígbà tí balógun bì sára bàtà mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó la ojú, ó tún pa á dé. Mo pè é ní Lárúbáwá, mo pè é ní Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀kan ló kùn.

Ẹni tó ta ike omi dànù yẹn ti sáré jáde wá bá wa; mo gbé fóònù àti ìwé náà lé e lọ́wọ́, mo ní kó máa gba nọ́ḿbà lẹ́nu Kóòṣì kó tó padà wọ pápá. Èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gbé balógun wọlé, ọkọ̀ ṣí. Mi ò wẹ̀yìn wo eré mọ́.

Ìrun Àílà ti ń sún mọ́. Ẹni tó bá mọ Mẹ́kà mọ bí ojú títì ṣe ń rí lákòókò yẹn. Bọ́ọ̀sì àwọn oníúmúrà tò jánà, èèyàn ń sọdá wìtìwìtì nínú aṣọ funfun, àwọn arúgbó lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Dírẹ́bà ń fọn fèrè, wọ́n ń yà díẹ̀díẹ̀. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo ń ka ìlù ọkàn rẹ̀. Ó ń lọ sílẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run lójú ọ̀nà ilé Rẹ̀, mi ò sì lè rí ọ̀rọ̀ kankan sọ ju "jọ̀ọ́" lọ, bí ọmọ yẹn ṣe sọ ọ́ fún èmi.

Wọ́n ya orí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi àwòrán náà hàn mí. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan wà lábẹ́ agbárí lápá òsì.

"Kò tíì tó ohun tí à ń torí rẹ̀ la orí," ó ní. "A ó tún yà á lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Bó bá ti pọ̀ sí i, a ó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Ta ni òbí rẹ̀?"

Mo pe Àlàájà. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé ọmọ náà wà láàyè, torí mo mọ̀ pé ohun tó máa kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Aládùúgbò wọn kan ló fi ọkọ̀ gbé e wá. Ó wọlé pẹ̀lú òṣùwọ̀n ìránṣọ lọ́rùn, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó wọlé lọ wo ọmọ rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó jókòó sórí àga tó kọjú sí mi.

"Dókítà, ṣé ìgbà àkọ́kọ́ rèé?"

Mo lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Rárá, Àlàájà. Wọ́n gbá a lórí lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó yẹ kí n ti dá a dúró láti ìgbà yẹn."

Ó ń wò mí. "Ẹ jẹ ìrẹsì nílé mi," ó ní. "Mo bi yín léèrè. Ẹ ní ẹ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

Ó dìde, ó lọ jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn lápá ọ̀hún, ó kẹ̀yìn sí mi. Láti ìgbà yẹn títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ra omi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Bí wákàtí kọ̀ọ̀kan bá ti kọjá, nọ́ọ̀sì á jáde wá sọ pé ó ṣì ń dáhùn tí wọ́n bá pè é. Àwa méjèèjì á jọ gbórí sókè, a ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Màgàríbì ni wọ́n tún ya orí rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ náà jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Àlàájà kò lè dìde. Èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀.

"Kò pọ̀ sí i," ó ní. "Ó dúró síbi tó wà. Ká sọ pé ó tún gba ẹyọ kan sórí eléyìí, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Àlàájà bó ṣe sọ ọ́ gan-an, mi ò yọ, mi ò fi kún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó forí balẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé e sókè. Nígbà tó jókòó padà, ó wò mí níbi tí mo dúró sí.

"Mi ò tíì dárí jì yín," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jókòó. Ẹ ti dúró látàárọ̀."

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Kóòṣì pè. Ó ṣì wà ní ilé epo. Ó ti rán bọ́ọ̀sì lọ sílé, òun nìkan ló kọ̀ tí kò lọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọmọ náà yóò yè, mo gbọ́ tó ń sunkún. Èmi ni mo rántí bi í pé báwo leré ṣe parí. Ó ní àwọn ọmọ náà borí pẹ̀lú àmì méjì, pé kò sí èyí tó yọ̀ nínú wọn, pé wọ́n jókòó sórí pápá títí wọ́n fi lé wọn kúrò.

A gbá àṣekágbá ní Jẹ́dà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì fìyà jẹ wá. Balógun wà níbẹ̀ lórí ìjókòó pẹ̀lú fìlà kan tó bo ojú rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ìyá rẹ̀ wà lápá àwọn ìdílé. Gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ṣubú, ọmọ ẹnikẹ́ni, ni yóò dìde dúró, kò sì ní jókòó títí onítọ̀hún á fi dìde. Ẹni tó ta ike omi dànù ní Mẹ́kà wá bá mi nígbà tí eré parí. Ó fẹnu kò mí lórí, ó lọ.

Mo kọ ohun tí mo ṣe àti ohun tí mi ò ṣe sínú ìwé, mo fún ilé ẹ̀kọ́. Mo ti múra ọkàn mi sílẹ̀ pé wọ́n á dá àdéhùn iṣẹ́ mi dúró. Wọn ò dá a dúró. Wọ́n bá mi wí, wọ́n sì fi lé e pé láti ìsinsìnyí, ẹni tó bá gba nǹkan sórí kò ní wọ pápá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tó wù kó sọ. Kóòṣì lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nítorí owó ẹ̀kọ́ balógun. Mi ò mọ ohun tó sọ níbẹ̀, àmọ́ ìlérí náà dúró. Ọmọ náà kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ìwé kíkà nira fún un fún bí oṣù mẹ́rin. Ó lè ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta kó má mọ ohun tó kà. Díẹ̀díẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Ó gba oyè rẹ̀ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọdún kan, ó sì ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ ní etíkun báyìí.

Nígbà tí eré ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀, mo dúró síwájú àwọn tuntun, mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún wọn láìfi ara mi pamọ́. Àwọn kan ń wo ilẹ̀. Mo rò pé wọn ò gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò, ẹnì kan jáde kúrò lórí pápá fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè é, kò sì ṣubú níṣojú mi. Ó bọ́ akoto rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Dókítà," ó ní, "orí ń fọ́ mi."

Mo fa àga fún un, mo mú tọ́ọ̀ṣì kékeré jáde nínú àpò mi láti wo ẹyinjú rẹ̀.